Bí a ṣe ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja lódò Chattahoochee nígbà ìwọ́wé

Ọ̀nà márosẹ̀ I-285 ń hó lókè bí ọjà Bódìjà, ẹ̀yin sì wà nínú omi tó dé orúnkún, ẹ ń wo ewé pupa tó ń já bọ́ sódò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní Atlanta nìyẹn: kí n máa fi eṣinṣin àtọwọ́dá, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé kó lè jọ ohun tí ẹja ń jẹ, pẹja lódò Chattahoochee. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò bá sí, kò gbà ju ààbọ̀ wákàtí láti àárín ìgboro débẹ̀.

Ẹja trout kì í gbé inú omi gbígbóná, Georgia sì ń gbóná gan-an lẹ́ẹ̀rùn. Dáàmù Buford, tí wọ́n fi sé odò náà ní àwọn ọdún 1950, ló jẹ́ kí trout lè gbé nítòsí Atlanta. Omi tó ń jáde láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ adágún Lanier ló ti ń wá, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló sì tutù, bíi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dáàmù tó ń fún wa lẹ́ja yìí náà ló lè fi omi gbé èèyàn lọ. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ibi tẹ́ ẹ máa lọ

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, apá odò tó bẹ̀rẹ̀ láti Sope Creek dé afárá ọ̀nà márosẹ̀ US 41 ní òfin tiẹ̀. Gbogbo trout tẹ́ ẹ bá mú, láàyè lẹ máa dá a padà sómi. Ìjẹ àtọwọ́dá tó ní ìwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo nìkan ni wọ́n gbà, ẹ má gbé ekòló débẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń kó ẹja dà síbẹ̀ lásìkò náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí Cochran Shoals tàbí Paces Mill, tí wọ́n wà létí apá odò yẹn.

Bó bá jẹ́ oṣù Kẹwàá lẹ fẹ́ lọ, ẹ gòkè lọ sí Jones Bridge tàbí Island Ford. Ẹsẹ̀ dáàmù Buford gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ bí òtútù bá ti ń wọlé: omi òkè adágún máa ń rì lọ sísàlẹ̀ nígbà yẹn, omi tó ń jáde á dọ̀tí, ẹja ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun.

Ìwé àṣẹ kò le. Ẹni tó ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ti ẹja pípa, kó sì ní ti trout lọ́tọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ san owó ìgbọ́kọ̀sí náà, torí ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni ibẹ̀. Jimmy Carter, tó ń pẹja nínú odò yìí nígbà tó wà nípò gómìnà, ló fọwọ́ sí òfin tó dá ọgbà náà sílẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tó ti di ààrẹ.

Ẹ béèrè omi kẹ́ ẹ tó béèrè ẹja

Wọ́n ń fi omi Buford pèsè iná mànàmáná, wọn kì í sì tú u sílẹ̀ bákan náà ní gbogbo wákàtí. Ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó dáàmù náà, máa ń kéde wákàtí tí wọ́n máa tú u. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ tún un wò láàárọ̀, torí wọ́n lè yí i padà. Cochran Shoals sì wà nísàlẹ̀ dáàmù kejì, Morgan Falls, nítorí náà ìwọ̀n omi tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ Morgan Falls gan-an ni kẹ́ ẹ wò.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yan òkúta kan tí orí rẹ̀ yọ lójú omi, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ẹ jáde. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n mú ẹyọ kan péré sí i. Omi orúnkún ti di omi itan kí n tó gbójú sókè, ọ̀nà tí mo gbà wọlé ò sì ṣeé gbà mọ́. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé. Láti dáàmù Buford dé afárá òpópónà 20 sì rèé, dandan ni kí gbogbo ẹni tó wà lódò wọ ẹ̀wù agbéniléfòó. Èmi ń wọ̀ ọ́ níbi gbogbo.

Ohun èlò

Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 tí wọ́n kọ nọ́ńbà 5 sí lára, àti okùn tó bá nọ́ńbà yẹn mu. Okùn tín-ín-rín ló máa wà lẹ́nu okùn ńlá yẹn, kí ẹja má bàa rí i. Ẹ ra Woolly Bugger àti Pheasant Tail díẹ̀, irú eṣinṣin àtọwọ́dá méjì nìyẹn, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Awò ojú tún ṣe pàtàkì, torí ìwọ̀ ń fò. Ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà ní ìgbànú: ẹ dì í pinpin, òun ni kì í jẹ́ kí omi tètè kún inú ṣòkòtò bẹ́ ẹ bá ṣubú.

Bí a ṣe ń ju okùn

Nínú ẹja pípa tí a mọ̀ nílé, òjé ló ń fa okùn lọ. Eṣinṣin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo, òun lẹ sì ń jù. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú so ẹnu rẹ̀ dípò ìwọ̀, kẹ́ ẹ dánrawò lórí koríko. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ máa yára sí i, kẹ́ ẹ dúró lójijì bó bá ti kọjá orí yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn nà tán lẹ́yìn. Ẹ wá gbé e síwájú, kẹ́ ẹ tún dúró lójijì. Bí ẹni ń ṣánko ni mo kọ́kọ́ ń jù ú, okùn sì ń wé mi lọ́rùn. Kò gba agbára.

Nínú omi, ẹ jù ú sápá òkè odò, kó máa bá omi ṣàn bọ̀, kó má ṣáájú omi, kó má sì gbẹ́yìn rẹ̀. Bí okùn bá tẹ̀ bí ọrun, ẹ fi orí ọ̀pá gbé e padà sápá òkè odò. Ibi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó rọlẹ̀ ni trout máa ń dúró: oúnjẹ ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń jẹun láìlàágùn. Bí okùn bá ṣàdédé dúró, ẹja lè ti gbé ìwọ̀ sẹ́nu, ẹ gbé ọ̀pá sókè. Òkúta ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ṣáà gbé e.

Ìgbà ìwọ́wé tún ni irú kan tí wọ́n ń pè ní brown trout ń yé ẹyin. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, ìtẹ́ rẹ̀ lè nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì da ẹja tó wà níbẹ̀ láàmú.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ fi omi tutu ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ara rẹ̀ má bàa bó. Ẹ yọ ìwọ̀ nígbà tó ṣì wà lómi, ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, títí tó fi máa fúnra rẹ̀ lọ.

Bí òtútù bá mú yín lẹ́sẹ̀, ẹ gòkè rìn lọ sí Sope Creek. Ògiri ilé iṣẹ́ bébà tí àwọn ọmọ ogun Àríwá dáná sun lọ́dún 1864, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣì dúró síbẹ̀ nínú igbó, ewé ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ mu tíì gbígbóná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo délé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ìyàwó mi bojú wẹ̀yìn mi: “Dádì Tóbi, ẹja dà?” Mo ní mo ti dá a padà sódò. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ wọkọ̀, ẹ fowó ra àṣẹ, ẹ mú ẹja, ẹ wá ní kó máa lọ?” Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ya ilé ìtajà àwọn ará ilé wa bí mo bá ń bọ̀, kí n ra panla.