Ẹ̀yìn ń ro yín? Ẹ má fi ìgbànú àti omi gbígbóná pa kún un

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, láàárín Kétu àti Pobè nílẹ̀ Benin. Ó ti pé ọdún méjì tí ìgbànú ẹ̀yìn, èyí tó fẹ̀ bí ọ̀já, kò ti kúrò ní ìbàdí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tú u. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mú àpò àgbàdo èrò. “Òun ló ń gbé mi ró,” wọ́n ní. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òun ló sọ yín di ojo!

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn. Ẹ̀yìn tó ti ń ro èèyàn ju oṣù mẹ́ta lọ ń fẹ́ ìrìn àti ìdárayá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dè é pa látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rù á máa bà á láti mira. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí irú ìrora yìí. Àjọ náà ò fọwọ́ sí ìgbànú, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí TENS, ẹ̀rọ oníná kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá tiẹ̀ ti rà á, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ti omi gbígbóná ló dùn mí jù, torí ìyá mi ló ṣe é. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra, awọ ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ooru mọ́. Wọ́n fi ìpara tó ń ta ra ẹ̀yìn, wọ́n da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú àpò rọ́bà, wọ́n sì sùn lé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìléròrò mẹ́ta ló tò sí ìbàdí wọn, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Kí omi má hó, kí a fi aṣọ ìnura wé àpò náà, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Kí a má fi ìpara kún un, kí a má sì sùn lé e.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì tí wọ́n fi ń wọ́ ara ńkọ́? Ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni ká gbé e lé, kì í ṣe eegun.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ ò bá ṣeé dá dúró, tí abẹ́ kú tìpìrì, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ gbé gbogbo ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń de ìgbànú wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti já èrò sílẹ̀ ní Pobè báyìí, wọn á tú u, wọn á rìn yí ọjà ká kí wọ́n tó padà.