Bí mo ṣe gba ilé n'Íbàdàn pẹ̀lú ajá mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá tẹ́ ẹ sì ń wá ilé, ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi nìyí. Lóru tí àyà mi bá ń já, ajá yìí ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn, dókítà mi sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ájẹ́ǹtì ní Bódìjà àti Àkóbọ̀ ń sọ: "Láńlọ́ọ̀dù ò fẹ́ ajá."

Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní Fair Housing Act lè ti irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Níbí, àgírímẹ́ǹtì ni ká mójú tó.

Mo gbé ajá lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n fún mi ní káàdì. Mo wá ní kí ájẹ́ǹtì mú mi lọ bá láńlọ́ọ̀dù fúnra wọn. (Kò kọ́kọ́ gbà, ó rò pé mo fẹ́ jẹ kọmíṣọ́ọ̀nù òun mọ́lẹ̀.) Bàbá yẹ káàdì náà wò tinú tẹ̀yìn. "Ọmọ mi, ṣé kì í gbó lóru?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú un wá kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i, sà." Ìgbà tó dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ rọ̀.

Kí n tó san kọ́bọ̀, a kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì: ajá kan ṣoṣo, okùn lọ́rùn rẹ̀ nínú ọgbà, èmi ni n ó máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún abẹ́rẹ́ náà gún, mo sì máa ń fún Bàbá ní ẹ̀dà káàdì tuntun pẹ̀lú owó ilé.