Okùn tí mo kọ́ sómi lóṣù kẹfà

Mo fẹ́ sin ọ́ísítà, ẹran omi oníkarahun, ní ọ̀sà Èkó. Owó okùn, ọparun àti ọkọ̀ tí mo háyà lọ́dún àkọ́kọ́ tó 80,000 náírà, mi ò sì rí ọ́ísítà kan ṣoṣo sè níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ọkùnrin tí mo sanwó fún pé kó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí n kọ́ okùn sómi lóṣù kẹfà, pé ìgbàkígbà ló dára, ọ̀sà kì í gbẹ. Irọ́ gbuu!

Lílu ìkarahun níhò, sísín in sókùn bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀, kíkọ́ ọ sábẹ́ ọparun: kò sóhun tó le níbẹ̀. Ìdúró ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ọmọ ọ́ísítà á kọ́kọ́ máa bá omi kiri fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó wá ibi líle lẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe gbòǹgbò igi ẹ̀gbà (mangrove) tó ń hù létí ọ̀sà tàbí ìkarahun àwọn tó ti kú. Omi oníyọ̀ ló sì ń fẹ́. Lásìkò òjò, odò Ògùn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ya lu ọ̀sà Èkó, omi dídùn á lé iyọ̀ padà sókun. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi! Mo fa okùn sókè ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹrẹ̀. Sátidé kejì, ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dóṣù kẹsàn-án, tí koríko omi (water hyacinth), èyí tó gba Badagry wọ Nàìjíríà lọ́dún 1984, tún ya dé. Ó tẹ́ sójú omi bí ẹní, ó sì wọ́ ọparun mi méjì lọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Màmá àgbà kan tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́ísítà lára gbòǹgbò ẹ̀gbà ló gbọ́ mi. Mo kí wọn. Wọ́n ti ìka bọ omi, wọ́n tọ́ ọ lá.

"Ọmọ mi, iyọ̀ dà níbí? Kó okùn rẹ nílẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, kó o padà wá."

Mo padà lóṣù kejìlá. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àwọn ọmọ ọ́ísítà ti lẹ̀ mọ́ ìkarahun gbàgbàgbà, pẹlẹbẹ, wọn ò ju èékánná ọmọdé lọ. Mo pariwo débi pé àwọn ẹyẹ fò. Lóṣù karùn-ún, kí òjò ńlá tó dé, agbọ̀n mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi kó!

Tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tọ́ omi wò kó o tó ra okùn. Má gé gbòǹgbò ẹ̀gbà, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ọ́ísítà wà. Kó o sì se ọ́ísítà dáadáa, torí ìdọ̀tí tó bá wà nínú omi, inú rẹ̀ ló ń sẹ́ sí. Ní Gáḿbíà, láti 2012 ni wọ́n ti fún àwọn obìnrin tó ń kó ọ́ísítà ní igbó ẹ̀gbà Tanbi láṣẹ lórí ibẹ̀, wọ́n sì ní oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Irú àṣẹ yẹn ló yẹ kí Màmá ní, torí àwọn tó ń gé ẹ̀gbà dáná ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Agbọ̀n àkọ́kọ́, ilé Màmá ni mo gbé e lọ. Ọkùnrin yẹn ò tíì dá owó mi padà.