Bí Ẹ Bá Ń Lọ Bá Àwọn Sístà Kolkata Tọ́jú Ọmọ, Ẹ Má Ṣe Báyìí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Shishu Bhavan, ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Kolkata, ló ti rò ó láti ilé pé ọmọ ìkókó lòun máa gbé jó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá débẹ̀ tán, bàsíà ìlédìí ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí i. Àwọn sístà aláṣọ funfun onílà búlúù, tí Mother Teresa dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Kolkata, ilẹ̀ Íńdíà, lọ́dún 1950, ló ni ilé náà. Láti 1955 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù síta níbẹ̀. Wọ́n tún ní Daya Dan, fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara àti ti ọpọlọ. Aṣọ fífọ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ náà: ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó fún un, ẹ ó gbé e gun orí òrùlé lọ sá. Ẹ má máa wá iṣẹ́ gidi kiri nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú omi. Iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Àwọn sístà kì í gbowó lọ́wọ́ yín, wọn kì í sanwó fún yín, wọn kì í sì í fúnni ní yàrá. Nítorí náà, ẹ má gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà wọn lálẹ́ bí ẹni tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àdúgbò Sudder Street ni ọ̀pọ̀ ti ń háyà yàrá. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán, ọjọ́ 10 ṣáájú, kó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ aṣojú Íńdíà léèrè irú físà tó bá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mu. Míísà aago mẹ́fà àárọ̀ kì í ṣe dandan fún ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ ìsinmi yín.

Àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti oúnjẹ. Iṣan ara àwọn ọmọ kan ní Daya Dan le, ọrùn wọn kò sì dúró. Àlejò tó ń kánjú á gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, á máa da oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá àgbà ṣe ń rọ ọmọ lágbo, ẹ fi ìyẹn sílé. Oúnjẹ á pá ọmọ náà lórí, tàbí kó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ó húkọ́, àìsàn á sì tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ bù díẹ̀ sórí ṣíbí, ẹ dúró kó gbé e mì, kí ẹ tó bù òmíràn. Bó bá jẹun tán, ẹ má tíì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí abọ́ kan bá gbà yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò pọ̀ jù. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run": wọ̀bìà ni àwọn àgbà ń fi í bá wí, ṣùgbọ́n níbí yìí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ta ló mọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹun? Mashi ni. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lóbìnrin ló túmọ̀ sí lédè Bẹ̀ngálì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin ìlú náà tí wọ́n gbà síṣẹ́ nínú ilé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, wọn ó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹni tó dé lánàá kì í dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ pè wọ́n ní mashi bí ẹ ṣe ń pe ẹni tó jù yín lọ ní àǹtí, ẹ má sì fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí wọn (èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí n sọ fún ọmọ Yorùbá). Bí ẹ bá rí ohun tó burú lóòótọ́, sístà tó ń bójú tó yàrá náà ni kí ẹ sọ fún, lọ́jọ́ náà gan-an.

Fóònù: ẹ fi sínú àpò. Ọmọ tí kò lè sọ pé "má yà mí" kì í ṣe fún Facebook yín.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló kù, òun ló sì le jù. Èèyàn á yan ọmọ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín, á máa ra ìṣeré fún un nìkan, á ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti wọkọ̀ òfúrufú. Irú ẹni mélòó ni ọmọ náà fẹ́ pàdánù lọ́dún kan? Ẹ má ṣèlérí. Lọ́dún 2015, àwọn sístà yìí tilẹ̀ dá fífi ọmọ sílẹ̀ fún alágbàtọ́ dúró ní Íńdíà, nítorí pé ìlànà tuntun ìjọba fàyè gba ẹni tí kò ṣègbéyàwó náà láti gba ọmọ tọ́, tí wọn kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀bùn lé sístà lọ́wọ́, kó pín in.

Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín kì í wá ẹni tó máa gbé e. Bí aṣọ bá ti wà lórí òkùn, ẹ bi mashi léèrè ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé láti àárọ̀.