Bí mo ṣe lọ sí Thanjavur lọ́sẹ̀ ọdún Pongal

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní Chennai, ní ilẹ̀ India, èmi ni mo tẹ̀lé wọn wá. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá ká tún padà lọ rí dókítà, wọ́n ní kí n má kàn jókòó ti àwọn, "Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá wò mí, ìwọ lọ wo ìlú àwọn èèyàn yìí." Ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ló dárúkọ Thanjavur, ó ní ẹni tí ò bá tíì rí Big Temple, tẹ́ńpìlì ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀, kò tíì rí Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Àárín oṣù kìíní ni, ọ̀sẹ̀ ọdún Pongal, ọdún ìkórè wọn, tí ará Chennai ń wọ́ lọ sílé bí ará Èkó ṣe ń lọlé Kérésì, ọjọ́ mẹ́ta sígbà tí mo fẹ́ lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lórí fóònù. Mo rí WL lára ẹ̀, mo rò pé nọ́ńbà kóòṣì ni, àṣé ó túmọ̀ sí pé mi ò tíì ní ìjókòó, mo ṣì ń dúró de ẹni tí ò bá lọ mọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe lísìtì ọkọ̀ tí orúkọ yín ò sí níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kú nìyẹn, wọ́n á dá owó padà. Tèmi kú. Bọ́ọ̀sì òru ni mo wọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 350, obìnrin tá a jọ jókòó ń fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń pè mí ní "akka". Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn, bí kò tiẹ̀ bá ẹni tan. Inú mi dùn gan-an, torí bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi dé Big Temple, TVS bíi tilé. Wọn ò gbowó ìwọlé, bàtà nìkan lẹ máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ o, torí tó bá fi máa di ọ̀sán, òkúta ilẹ̀ yẹn á máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ bí agbada gbígbóná, oṣù kìíní náà nìyẹn o, mi ò fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lóṣù karùn-ún.

Ilé gogoro tó wà láàárín ga tó mítà 66, òkúta líle ni látòkè délẹ̀, ọba Rajaraja àkọ́kọ́ ló parí ẹ̀ ní 1010. Wọ́n ní òjìji ẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo dúró títí aago méjìlá fi lù, òjìji ẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja lápá àríwá. Kò nílò irọ́ yẹn rárá, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ti tó.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màlúù ni mo bọ́ sí, Mattu Pongal. Wọ́n fi ìkàn, kárọ́ọ̀tì, tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo Nandi, ère akọ màlúù olókùúta ńlá tó wà nínú tẹ́ńpìlì náà, àfi ojú ẹ̀ nìkan ló yọ.

Ṣùgbọ́n ara ìpìlẹ̀ ilé yẹn ni mo pẹ́ sí jù. Lẹ́tà àtijọ́ èdè Tamil, èdè àwọn ará ibẹ̀, ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta yípo, bíi pé ẹnì kan ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìnáwó síta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mi ka díẹ̀ níbẹ̀. Ọba ní kí wọ́n kọ ohun tí òun fi sílẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fi sílẹ̀, ohun tí àwọn ìyàwó òun fi sílẹ̀, àti tàwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú ìyàwó! Ọ̀rọ̀ tó wà lára òkúta yẹn ni "akkan", akka tí wọ́n pè mí nínú bọ́ọ̀sì náà ni. Kundavai lorúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn. Lápá ibòmíì, wọ́n kọ orúkọ oníjó obìnrin 400, àdúgbò àti ilé tí wọ́n fún kálukú. Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi.

Ààfin Thanjavur náà dáa, ère idẹ ìgbà Chola, ìdílé ọba Rajaraja, tó wà níbẹ̀ tó wò dáadáa, àmọ́ ẹ má lo ọjọ́ yín tán síbẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Kumbakonam, kẹ́ ẹ yà sí Swamimalai lọ́dọ̀ àwọn asúdẹ. Bàbá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi mọ ìka ọwọ́ òrìṣà. Kò lo rúlà. Ewé àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ká sí ìpele ìpele, ìyẹn ló fi ń wọn ojú, ọrùn, àyà. Tó bá parí, wọ́n á fi amọ̀ odò Kaveri bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á da idẹ yíyọ́ síbi tí ìda ti kúrò, wọ́n á wá fọ́ amọ̀. Kò sí méjì tó máa jọra.

Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe orí idẹ Ifẹ̀ náà nìyẹn, èyí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Mo fi fọ́tò ẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Bàbá yẹn nu ọwọ́, wọ́n gba fóònù, wọ́n fa etí àwòrán náà tóbi, wọ́n wo ìlà ojú ẹ̀ pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá inú ẹ̀ ṣófo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ kí wọ́n tó fi ìda lé e. Tiwọn kún dénú ní Swamimalai. Wọ́n mi orí, wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Wọ́n fún mi ní ewé àgbọn yẹn. Inú Bíbélì ẹ̀gbọ́n mi ló wà báyìí, wọ́n máa ń ká a, wọ́n á tún tú u.