Ògiri Ló Gbowó Wa: Bá A Ṣe Pàtẹ Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Ayàwòrán

"Ògiri tèmi le o," ni onílé wí kó tó gbowó lọ́wọ́ wa n'Íbàdàn. Irọ́ gbuu! Ìṣó kọ́ńkéré àkọ́kọ́ tí káfíńtà gbá mọ́ ọn já bọ́ pẹ̀lú èèpá sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Iyanrìn ti pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ẹ fi èékánná ha á lásán, yóò máa dà wuruwuru.

Àwa ayàwòrán la dáwó jọ háyà ilé náà, kí àwọn ọ̀dọ́ tí gálárì ńláńlá ò tíì mọ̀ lè ríbi pàtẹ iṣẹ́ wọn. Yíyan iṣẹ́, kíkọ orúkọ, ìwọ̀n àti iye owó sára káàdì, ìyẹn ò le. Ọ̀rọ̀ ògiri ni ká sọ.

Nígbà tí ìṣó kọ̀, a mú dírììlì àti físà nọ́ńbà 8, ìyẹn ike tí wọ́n ń kì bọ ihò kí skúrùù lè rí nǹkan dì mú. Bulọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́lé. Ẹnu dírììlì á gba ara bulọ́ọ̀kù díẹ̀, á sì já sínú òfìfo lójijì. Físà ò rí nǹkan dì mú. Bẹ́ ẹ bá ń yí skúrùù, òun náà á máa bá a yí. Káfíńtà ní ká fi sìmẹ́ńtì dí ihò, kó gbẹ, ká tún un lù. Owó iṣẹ́ ń lọ, ihò ń pọ̀ sí i, ògiri tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun wá rí bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà.

Líńtẹ̀lì ló yọ wá. Lókè fèrèsé, kọ́ńkéré tó nírin nínú yí ilé náà ká. Ẹ fi òòlù kàn án wò: ibi tó bá dún gbọ̀ǹgbọ̀n, ihò wà níbẹ̀, ibi tó bá dún kì, kọ́ńkéré nìyẹn. Ibẹ̀ la lù, a fi físà àti skúrùù de pákó 2 by 2 mọ́ ọn láti igun dé igun, a kun pákó ní funfun, a so gbogbo àwòrán rọ̀ látorí rẹ̀. Ó gún régé. Mo fi yangàn!

Ẹ má fi okùn ìpẹja so ó. Ọ̀rá ni, ó máa ń fà, àwòrán á sì máa wọ́ wálẹ̀. Wáyà irin lílọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ so ó lójú méjì kó má baà máa yí. Àárín àwòrán ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má wọn orí rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 150 láti ilẹ̀. Orí kánfáàsì tó ga ní 90 á wà ní 195. Ti èyí tó ga ní 60 á wà ní 180.

Fífi ilé lásán ṣe ibi iṣẹ́ ọnà kì í ṣe tuntun. Ilé ọtí Dúró Ládípọ̀ ló di ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo l'Óṣogbo ní 1962. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú òòlù dání, kẹ́ ẹ kan ògiri níṣojú onílé. Bí líńtẹ̀lì bá mọ sórí fèrèsé nìkan, tí kò yí ilé ká, ẹ ní kó dínwó. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lè lu kọ́ńkéré. Onílé tiwa fẹ́ gbowó ihò lọ́wọ́ wa nígbà tá à ń kó jáde, lórí ògiri tí èékánná ń ha!