Nọ́ńbà tracking tí kò ṣiṣẹ́: Excel ló ń bà á jẹ́

Àwọn oníbàárà mi ń kọ̀wé léraléra pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tracking tí ẹ fún mi, àwọn tó ń kó ẹrù ní àwọn ò mọ̀ ọ́n." Bẹ́ẹ̀ ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ mi, rìsíìtì sì wà nílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹni tí kò bá lè fi nọ́ńbà yẹn rí ibi tí ẹrù rẹ̀ dé, owó rẹ̀ ló máa ní kí n dá padà.

Mo gbé rìsíìtì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó wà nínú Excel, mo ń fi ìka tọ́ ọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Díjíìtì 15 àkọ́kọ́ bára mu. Láti ibẹ̀ lọ, òdo ni gbogbo ìyókù. Àṣé Excel kì í tọ́jú ju díjíìtì 15 lọ nínú nọ́ńbà, tèmi sì jẹ́ 22! Ohun tó ń fi hàn lójú ni nǹkan bíi 9.4E+21, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà ké nọ́ńbà gígùn kúrú.

Ní báyìí, kí n tó lẹ nọ́ńbà kankan síbẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ sọ òpó (column) náà di Text, kí Excel lè kà á sí ọ̀rọ̀, kó má kà á sí nọ́ńbà. Fáìlì CSV, ìyẹn àkójọ tí wọ́n fi àmì kọ́mà pín, ńkọ́? Mi ò kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣí mọ́. Abẹ́ Data lókè Excel ni mo ti ń kó o wọlé, kí n lè yan Text fún òpó yẹn. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe nínú Excel o, àfi kí ẹ padà sí orí rìsíìtì.

Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ sókè òkun tó ní lẹ́tà méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn kò ní ìṣòro yìí, torí lẹ́tà inú rẹ̀ ń jẹ́ kí Excel kà á sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ U ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣèlérí tracking fún oníbàárà, torí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní in.